Ògiri Abẹ́ Fèrèsé Ìyá Àgbà

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá lánàá, èmi àti bíríkìlà nìkan la wà nínú yàrá mi nígbà tó fi òòlù kan ibi tó rin lára ògiri. Òórùn símẹ́ǹtì tútù yẹn gbé mi padà sí yàrá tí wọ́n ti tọ́ mi ní Tudu, lẹ́yìn odi.

Ọ̀sán ni. Onílé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nàka sí màmá mi.

"Inú yàrá lo ti ń wẹ ọmọ, ni ògiri mi fi rin! Ẹ̀yin Alata, ẹ̀yin Yorùbá yìí, ẹ ó kó jáde lọ́la."

"Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ìta ni mo ti ń wẹ̀ ẹ́."

Bíríkìlà tí onílé mú wá fọwọ́ ra ògiri títí dé abẹ́ fèrèsé. "Ẹnì kan ń gba ibí da omi síta."

Mo mọ ẹni náà. Mo wo Ìyá àgbà lórí ẹní. Ọwọ́ rẹ̀ ti dúró lórí tẹ̀sùbáà.

"Èmi ni," ó ní. "Omi àlùwàlá mi ni."

"Hajia!" onílé ní. "Gọ́tà tó wà nítòsí yìí náà, ẹ ò lè dé ibẹ̀?"

"Ọ̀lẹ ló ń ṣe mí."

Onílé bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ká máa gbé, bí omi kò bá kan ògiri òun mọ́.

Ìyá àgbà ti kú tipẹ́ kí n tó mọ̀ pé kò ríran mọ́ nígbà náà, pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí wọ́n pè é ní ọ̀lẹ ju kí wọ́n mọ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí onílé wá, kí ó má baà lé wa, mo gbé bútà àlùwàlá Ìyá àgbà ṣáájú. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi, kò sì gbé e kúrò títí a fi dé ẹ̀gbẹ́ gọ́tà.