Igi Máńgòrò Inú Káàǹpù

Mo rántí òórùn oje máńgòrò ní ọwọ́ mi, ó dà bí epo òyìnbó díẹ̀, ó dà bí ewé tútù díẹ̀, ní àsìkò tí mo rò pé kò sí ẹni tó mọ igi tó mi ní gbogbo ìlú Parakou. Bàtà ni mo ń tún ṣe lọ́jà Arzèkè, ṣùgbọ́n bí mo bá ti délé ní Titirou, igi ni mo ń so mọ́ igi. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi. Àwọn igi tó gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́ ló kọ́ mi. Ẹ óò gé ẹ̀ka tó nípọn bíi pẹ́ńsùlù láti ara igi tí èso rẹ̀ dùn, ẹ óò gbẹ́ ìdí rẹ̀ kó mú bí ẹnu àáké, ẹ óò la orí ọmọ igi tó hù láti inú kóró, ẹ óò ki ẹ̀ka náà bọ̀ ọ́ kí èèpo kan èèpo, ẹ óò sì fi rọ́bà túúbù kẹ̀kẹ́ dì í pinpin. Bó bá gbà, gbòǹgbò á jẹ́ ti igi kan, èso á jẹ́ ti èkejì. Mo lè fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ ṣàlàyé èyí fún ẹni tó kàn wá gba bàtà rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó jẹ́ sójà, ọmọ Ṣábẹ̀ bíi tèmi. Òun ló sọ mí ní Dókítà. Ìyá rẹ̀, tó ń ta aṣọ lọ́jà kan náà, ní igi máńgòrò kan lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀ ní Ṣábẹ̀. Èso rẹ̀ kéré, ó pupa níbi tí oòrùn bá kàn, kò sì ní okùn tí í há sí eyín. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gé igi náà kí wọ́n lè kọ́lé síbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi fi aṣọ tútù wé ẹ̀ka rẹ̀ wá fún mi. Mo so wọ́n mọ́ àwọn ọmọ igi tí mo gbìn láti inú kóró tí mo ṣà nílẹ̀ ọjà, máńgòrò olókùn lásán. Mo fọ́nnu pé gbogbo wọn ni yóò gbà. Àwọn àgbà ní ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ẹyọ kan ló gbà.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé ọ̀rẹ́ mi lọ sí àgọ́ ológun kan ní àríwá, nítòsí ààlà, nítorí àwọn agbébọn tó ń pààyàn lórúkọ ẹ̀sìn. Ó ní òun máa gbé igi náà lọ.

“Dókítà, bó bá kú ńkọ́?”

“Bó bá kú, ìwọ lo pa á. Igi tèmi kì í kú.”

“Ẹ gbọ́ o. Àwọn tó gbẹ lẹ́yìnkùlé rẹ ńkọ́, ta ló pa wọ́n?”

Inú agolo tòmátì ńlá ló gbé e sí, ó gbé e lé itan nínú ọkọ̀ ológun. Ó gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná àgọ́. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, sójà Bàrìbá kan tó jẹ́ Mùsùlùmí, a máa fi omi àlùwàlá tó bá ṣẹ́ kù bomi rin ín. Nígbà tí igi náà ní òjìji, abẹ́ rẹ̀ ló ń tẹ́ ẹní ìrun sí. Fọ́tò ń wọlé sórí fóònù mi: ewé tuntun, pupa bí idẹ. Mo ń fi han àwọn oníbàárà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, àwọn agbébọn fi alùpùpù tí wọ́n di àdó olóró mọ́ já wọ ẹnu ọ̀nà àgọ́ náà. Ó bú gbàmù. Ilé ìdáná wó, iná sì jó ohun tó kù. Ọ̀rẹ́ mi kú níbẹ̀. Orí rédíò la ti gbọ́ nípa àdó náà, kí ẹnikẹ́ni tó pe ìyá rẹ̀. Lọ́jà, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wo Mùsùlùmí tí wọ́n ti jọ ń jẹun láti ọjọ́ pípẹ́ bí ẹni wo àlejò. Màmá, ìyá ọ̀rẹ́ mi, kò bá wọn dá sí i. Ó ń ṣí ìsọ̀ rẹ̀, ó ń jókòó, kò ta aṣọ.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, sójà Bàrìbá náà gba ìsinmi, ó wá kí Màmá nílé. Etí rẹ̀ kan kò gbọ́rọ̀ mọ́. Èmi náà wà níbẹ̀.

“Fofo, Màmá,” ó kí i. “Igi yẹn jó, ṣùgbọ́n ó ti rú.”

Màmá dìde dúró. “Bí iná bá kú, a fi eérú bojú; bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Máńgòrò bàbá mi kò parun. Ọmọ mi kò gbé e lọ lásán.”

Ṣùgbọ́n máńgòrò tí a so kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bó bá rú lókè àpá ibi tí mo ti so ó, ti Ṣábẹ̀ ni. Bó bá rú nísàlẹ̀, kóró ilẹ̀ ọjà ló padà wá. Mo sún mọ́ etí sójà náà tó ń gbọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, òkè àpá ló ti rú ni, àbí ìsàlẹ̀?”

Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó fi fọ́tò igi náà hàn mí. Ìsàlẹ̀ ni.

“Kí ni Dókítà ń wò?” Màmá bèèrè.

“Ó rú dáadáa, Màmá.”

Ní ọdún kẹta, sójà náà gbé máńgòrò wá nínú àpò ológun, ó fi aṣọ wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá fi eyín bó ọ̀kan, ó mu ún títí dé kóró. Ó fa okùn kan yọ láàárín eyín rẹ̀, ó wò ó.

“Kì í ṣe òun,” ó ní.

Lẹ́yìn náà ó kọjú sí sójà náà. “Ta ló ń bomi rin ín?”

“Èmi náà ni, Màmá.”

Ó na ọwọ́. “Fún mi ní òmíràn.”

Mo gbin ọ̀kan lára àwọn kóró ọjọ́ náà sẹ́yìnkùlé mi. Ní báyìí ó ti nípọn bíi pẹ́ńsùlù, èèpo rẹ̀ ń tú geere, ó ti tó ohun tí à ń so ẹ̀ka mọ́. Ọ̀bẹ mi mú, rọ́bà wà nílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń jókòó tì í. Ẹ̀ka igi Ṣábẹ̀ tí mo fẹ́ so mọ́ ọn kò sí níbì kankan mọ́, èmi kò sì tíì fẹ́ so òmíràn.