Ọjọ́ Tí Bàbá Ilé Kejì Kọrin Kọ́ńtírì ní Dagenham

Gbì! Gbì! Gbì! Ògiri ilé wa ń mì. Mo gbàgbé ògì mi sórí tábìlì, mo sáré jáde láìwọ kóòtù, ìyá mi sì ń pariwo tẹ̀lé mi pé, "Ọmọ yìí, òtútù á mú ẹ o!" Ta ló ń gbọ́? Bàbá ilé kejì ti wọ búùtù rẹ̀, ó ti ń fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀ pátákó, èmi ò sì sí níbẹ̀!

Ilé wa àti tiwọn lẹ̀ mọ́ra ní àdúgbò Valence, ní Dagenham. Tí Màmá, ìyàwó Bàbá, bá din àkàrà lọ́hùn-ún, aṣọ ilé ìwé mi ni yóò máa ta sánsán. Láàárín ọ̀sẹ̀, Bàbá ń gbé páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní River Road. Lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo wa jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, Bàbá á sì máa ta jìtá níwájú pẹpẹ. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Sátidé, ẹ jẹ́ n sọ fún yín, Bàbá á di ẹlòmíràn! Á dé akẹtẹ̀ aláwọ, á máa kọ orin kọ́ńtírì, orin àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà tó ń da màlúù, á sì fi ohùn Ìjẹ̀bú kọ ọ́. Inú mi á dùn ṣìnkìn.

Abúlé ló ti kọ́ ọ, létí rédíò. Bàbá rẹ̀ ń ta agídìgbo, àpótí tí wọ́n to irin pẹlẹbẹ sí lójú, tí wọ́n ń fi ìka ta. Bí ẹni ta agídìgbo lòun náà ṣe ń ta jìtá, pẹ̀lú àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e. Ó ṣeré káàkiri òtẹ́ẹ̀lì Ìbàdàn títí ó fi ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù. Ó ní nígbà tóun wọ bàálù wá sí Lọ́ńdọ̀nù, òun rò pé àwọn tó lóye orin náà lòun ń lọ bá. Kàkà bẹ́ẹ̀, ilé ọtí tó kọ́kọ́ lọ, wọ́n dá a dúró láàárín orin, wọ́n ní kó kọ orin ìlú rẹ̀.

"Orin ìlú mi kọ́ lèyí ni?" Bàbá á bi mí, bíi pé èmi ni mo dá a dúró.

Ìgbà tó yá, àwọn àgbà òyìnbó kan tó ń ṣeré kọ́ńtírì lóṣooṣù nínú gbọ̀ngàn kan ní Dagenham ní kó wá kọ orin kan fáwọn. Tó bá dùn mọ́ wọn, á di ọ̀kan lára wọn. Bàbá ń yọ̀, ẹ̀rù sì ń bà á. Ó pè mí bó ṣe máa ń pè mí, ó ní, "Ìyá mi, tí wọn ò bá gbà mí lọ́tẹ̀ yìí, jìtá yìí di ti ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò kọ kọ́ńtírì mọ́ láyé mi." Ta ni yóò wá máa kọ ọ́ fún mi?

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, èmi àti Màmá tẹ̀lé e lọ lọ́sàn-án; gbọ̀ngàn yẹn ń rùn fún bíà àti ṣípúsì, ànàmọ́ díndín tí wọ́n da fínígà kíkan sí. Wọ́n pe Bàbá. Ó dé ìdí àtẹ̀gùn ìtàgé, ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ búùtù méjèèjì, ó tò wọ́n sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gòkè láìwọ bàtà. Háà! Ó ti pẹ́ tó ti ń kọrin níwájú pẹpẹ nìkan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbà pé ibi orin, ibi mímọ́ ni.

"Mo gbé! Bàtà yín o!" Màmá ké. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Bàbá fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀. Kò dún rárá, kápẹ́ẹ̀tì gbé e mì. Ìka rẹ̀ ṣìnà lórí okùn jìtá, orin dá. Mo fẹ́ sunkún. Màmá gbá èjìká mi: "Pàtẹ́wọ́, jàre!"

A bá pa á! Àtẹ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, èyí tó máa ń mú àwọn ìyá wa fò sókè. Mo gun orí àga. Bàbá gbójú sókè, ó rí wa, ó bú sẹ́rìn-ín, ìka méjì yẹn sì bọ́ sórí àtẹ́wọ́ wa pẹ́kípẹ́kí. Ẹ̀rín wọn kú. Bàbá òyìnbó kan tó ní ọ̀pá ìtilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, ó ń ṣì í, ó sì ń pa á lọ. Kí orin tó dé àárín, gbogbo gbọ̀ngàn ti gba àtẹ́wọ́ náà lọ́wọ́ wa. Nígbà tó parí, wọ́n dìde dúró.

Ọ̀gá wọn di Bàbá lọ́wọ́ mú. "Níbo lo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta á báyìí?"

"Nílé bàbá mi," ni Bàbá wí.

Ó ní kó máa bọ̀ lóṣooṣù. Nínú bọ́ọ̀sì, Bàbá gbé jìtá lé itan. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kó tó yíjú sí mi, omi lójú rẹ̀: "Ìyá mi, wọ́n jẹ́ kí n parí ẹ̀."

Bàbá ti lọ sinmi báyìí. Èmi náà ti dàgbà, mo ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn tó máa ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni. Bí ìpàdé bá ti ń le, tí wọ́n sì fẹ́ já tèmi gbà, màá fi ọwọ́ lu itan mi lábẹ́ tábìlì, bí a ṣe pa á lọ́jọ́ yẹn gan-an. Inú mi á tún dùn, bí ìgbà tí mo wà lórí àga. Màá la ẹnu mi, màá sì sọ ọ̀rọ̀ mi délẹ̀.