Ọfà Tó Ń Dá Rìn Lójú Kọ̀ǹpútà Madame

Bureau, ìyẹn ọ́fíìsì, tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Ouagadougou wà ní àdúgbò Zone du Bois, lábẹ́ àwọn igi ńláńlá tí ewé wọn kì í jẹ́ kí oòrùn rí ilẹ̀ dáadáa. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ òórùn ewé dóńgóyárò gbígbẹ tí wọ́n gbá jọ tí wọ́n sì dáná sun, ibẹ̀ ni ọkàn mi máa ń lọ: sí àgbàlá tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí, sí yàrá kékeré ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n fún mi, pẹ̀lú àwọn wáyà àti òkú kọ̀ǹpútà tí eruku pupa ti bò, níbi tí òórùn ike gbígbóná ti ń dà pọ̀ mọ́ òórùn èéfín. Ìwọ náà ti gbé ìlú yìí lásìkò ooru, o mọ bó ṣe máa ń rí. Iná á lọ, fáànù á dúró, gbogbo èèyàn á bọ́ sí abẹ́ igi, wọ́n á máa fi páálí fẹ́ ara wọn bí ẹni tí kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n rí i pé kọ̀ǹpútà gbogbo ilé ń ṣiṣẹ́. Àjọ kékeré kan ni, tó ń ran àwọn obìnrin tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí omi ní Tanghin lọ́wọ́. Ẹni tó mú mi débẹ̀ ni oníṣirò owó wọn. Yorùbá ni bíi tèmi, ṣùgbọ́n Burkina ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣòwò, tí kò sì padà mọ́. Mooré, èdè àwọn Mossi, yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, Faransé rẹ̀ sì dà bíi ti àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Ṣọ́ọ̀ṣì la ti pàdé, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, tí n kò gbọ́ ọ̀kankan nínú èdè tí wọ́n ń sọ nígboro. Ó dì mọ́ mi bí ẹni tó ti ń retí mi látọjọ́ pípẹ́. Láti ìgbà náà, tá a bá ti jáde ìsìn, ilé rẹ̀ ni mo ti ń jẹun ọ̀sán. Ìyàwó rẹ̀, ọmọ Mossi, á bu ìrẹsì sí àwo ńlá, á ti ẹran sí ìhà ọ̀dọ̀ mi, á pè mí bí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe ń pè mí, á ní, “Tonton, jẹun, o ti gbẹ jù.” Nílùú tí n kò ti ní ará tàbí ẹbí, mo gbà pé mo ti rí àwọn tèmi.

Nígbà tí wàhálà yìí bẹ̀rẹ̀, mo ti ń sọ Faransé díẹ̀díẹ̀, mo sì ti mọ ohun tí olúkúlùkù máa ń pariwo lé lórí nínú bureau náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá wa, obìnrin ni, Madame ni gbogbo wa ń pè é, ránṣẹ́ pè mí sí yàrá rẹ̀. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè kúrò lórí tábìlì bí ẹni tí ejò wà níwájú rẹ̀. “Wò ó,” ó ní, “mi ò fọwọ́ kàn án.” Mo wò ó lóòótọ́. Ọfà kékeré ojú kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ ń dá rìn. Á sáré lọ sápá òsì, á dúró, á ṣí ìwé kan, á tì í, á tún gbọn díẹ̀, á lọ. Èmi tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láti ìgbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, irun ara mi dìde. Ó dà bí ìgbà tí ẹni tí a kò rí bá jókòó sórí àga kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Kí n tó rí ààyè yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀rọ̀ náà ti dọ̀rọ̀ ńlá. Ìròyìn iṣẹ́ ọdún tí Madame ti ń kọ bọ̀ kò sí níbi tó fi í sí mọ́. Ìyẹn nìkan kọ́. Nígbà kan tí inú bí i sí àwọn aláàánú òkè òkun tó ń ṣètìlẹ́yìn fún àjọ náà, ó ti kọ lẹ́tà kan sínú ímeèlì, ọ̀rọ̀ gbígbóná tó fi tu ara rẹ̀ nínú, ó sì fi í sílẹ̀ láìfi ránṣẹ́. Lẹ́tà náà ti lọ. Wọ́n ti kà á níbẹ̀, wọ́n sì ti fèsì gbólóhùn kan ṣoṣo pé àwọn ń dúró de àlàyé. Bí wọ́n bá bínú lọ, bureau náà á tì, àwọn obìnrin Tanghin á padà sí bí wọ́n ṣe wà, gbogbo wa á sì wá iṣẹ́ mìíràn lọ.

Madame pe ìpàdé sínú yàrá ńlá. Ooru mú, iná ti lọ, a ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀. Ó ní wọ́n ti já wọ inú kọ̀ǹpútà òun, pé ẹnìkan wà níbì kan tó ń rí gbogbo ohun tí òun ń ṣe, ẹni náà ló sì fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ láti ba àjọ jẹ́. Nígbà náà ni ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́, ọkùnrin tó ń bójú tó àwọn ọkọ̀, sọ ọ́ wẹ́rẹ́, láìwo ojú mi, pé, “Ta ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo wa níbí? Gbogbo ayé sì mọ ibi tí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ti ń wá.” Ní ìlú wa, ọmọ yáhù là ń pè wọ́n. Òun kò mọ orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ yé gbogbo wa. Mo rí i bí akọ̀wé ṣe fa fóònù rẹ̀ tó wà nítòsí mi sọ́dọ̀ ara rẹ̀, jẹ́jẹ́.

Mi ò bẹ̀rù. Mo jẹ́ ẹ̀rí ara mi pé mi ò bẹ̀rù nígbà yẹn, torí Ẹ̀gbọ́n jókòó lọ́ọ̀ọ́kán mi. Ó ti rí yàrá mi, ó mọ àwọn tí mò ń bá rìn, ó mọ pé ìyá mi ló ń pè mí lórí fóònù lójoojúmọ́ láti bi mí bóyá mo ti jẹun. Nígbà tí Madame yíjú sí i, mo tilẹ̀ fẹ̀yìn ti àga.

“Ẹ̀yin lẹ mú un wá,” Madame sọ fún un. “Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa?”

Ó ń yí ife tíì rẹ̀ lórí tábìlì. Mo rò pé ó ń wá Faransé tó dáa jù tó máa fi gbèjà mi ni. “Ṣọ́ọ̀ṣì la ti ń rí ara wa, Madame,” ó ní. “Ohun tó ń ṣe nílé rẹ̀, n kò mọ̀. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún ẹnikẹ́ni.”

Mo ti ń gbìyànjú láti ọdún yẹn wá kí n lè ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi. Kò dà bí ìbínú. Ó dà bí ìgbà tí o bá na ẹsẹ̀ sílẹ̀ lójú àtẹ̀gùn, tí o rò pé ó ku ìgbésẹ̀ kan, tí kò sì sí. Mo wo ojú rẹ̀, kò wo tèmi. Madame ní kí n kó kọ́kọ́rọ́ yàrá mi sílẹ̀.

Mo sọ fún un pé kó jẹ́ kí n tú kọ̀ǹpútà náà wò lójú gbogbo wọn kí n tó lọ. Mo ní tó bá jẹ́ èmi ni, kí ló dé tí mo tún fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jókòó wò mí? Ó rò ó. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó tì mí kó máa ṣọ́ ọwọ́ mi, kí n má baà pa ohunkóhun rẹ́. Ẹ̀gbọ́n ló yàn. Bó ṣe di pé ọkùnrin tí mò ń bá jẹ nínú àwo kan náà fa àga tì mí nìyẹn, tó ń wo ìka mi bí ọlọ́pàá.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo gé íńtánẹ́ẹ̀tì kúrò lára kọ̀ǹpútà náà. Tó bá jẹ́ ẹnìkan ló ń darí rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ọwọ́ onítọ̀hún gbọ́dọ̀ já níbẹ̀. Ọfà náà tún rìn. Mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn gbọ́: kò sí ẹnì kankan lóde tó ń fà á. Ẹni tó ń bójú tó ọkọ̀ ní a jẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì ló wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fi ohun èlò tó ń wá fáírọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, a jókòó, a dúró, eṣinṣin ń bà lé wa, kò rí nǹkan kan. Mi ò fi mọ síbẹ̀. Mo pa ẹ̀rọ náà, mo fi fláàṣì tí mo kó ètò mìíràn sí tan án, láìjẹ́ kó kan ohunkóhun tó wà nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ fáírọ́ọ̀sì, kò yẹ kó lè jí dìde níbẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà náà mọ́, ọfà náà yọ, ó dúró díẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Nígbà náà ni mo mú ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀, tí mo sì wo ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe ojú rẹ̀. Kò jókòó dáadáa lórí tábìlì. Nígbà tí mo fi ìka tẹ igun rẹ̀ kan, igun kejì gbéra. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra ibi tí wọ́n ti ń fi ìka fa ọfà, ó ti yọ gọngọ bí ibi tí agbọ́n ta. Mo mú sukudiráfà, mo tú ìdí rẹ̀. Bátìrì inú rẹ̀ ti wú bíi búrẹ́dì tí ìwúkàrà pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó ń ti pátákó kékeré tí wọ́n fi ń fa ọfà láti ìsàlẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́. Madame máa ń fi kọ̀ǹpútà náà sínú ọkọ̀ nínú oòrùn tó bá lọ sí ìpàdé ní àdúgbò Ouaga 2000, á tún fi iná sí i látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bátìrì yẹn ló ń ṣí ìwé, òun ló wọ́ ìròyìn ọdún lọ sínú àpò fáìlì mìíràn, níbi tí mo ti rí i lódindi. Òun náà ló tẹ ibi tí wọ́n ti ń fi lẹ́tà ránṣẹ́. Mo yọ ọ́ kúrò jẹ́jẹ́, torí ó lè gbiná, mo gbé e lọ síta sórí iyanrìn. Nígbà tí iná dé, mo so kọ̀ǹpútà mọ́ iná nìkan. Ọfà náà dúró sójú kan.

Mo dúró de ohun tí wọ́n máa sọ. Madame mí kanlẹ̀. “Ah bon. D’accord,” ó ní, pé ó dáa, ó sì jókòó láti kọ lẹ́tà àlàyé sí òkè òkun kíá. Àwọn yẹn gba àlàyé náà, wọn ò lọ. Àwọn yòókù tú ká sí ìdí iṣẹ́ wọn. Lọ́jọ́ kejì, akọ̀wé fi kọ́kọ́rọ́ mi sórí tábìlì mi. Kò sí ìpàdé tí wọ́n ti sọ pé kì í ṣe èmi. Ìpàdé wà fún ẹ̀sùn, kò sí fún ìdáláre. Fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn ìyẹn, tí mo bá kọjá, àwọn kan ṣì ń fi ọwọ́ bo bọ́tìnnì bí wọ́n bá ń tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà wọn.

Ẹ̀gbọ́n dúró dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ moto rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pe alùpùpù níbí, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì yẹn. Ó ti dé àṣíborí rẹ̀, ó tún ṣí i.

“Àbúrò, má bínú,” ó ní. “Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ.”

“Ìgbà wo lẹ mọ̀, Ẹ̀gbọ́n?”

“Láti ìbẹ̀rẹ̀. Ta ni kò mọ̀ ọ́?” Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnìkan ń bọ̀. “Ṣùgbọ́n o ò mọ ibí. Ibí ni wọ́n bí mi sí, síbẹ̀ tí nǹkan bá ti bàjẹ́, ‘ẹ̀yin ará Nàìjíríà’ ni wọ́n ń sọ fún mi. Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ka èmi náà mọ́ ọ. Mo ní ọmọ nílé ìwé.”

Mo ní mo gbọ́. Mo ní kò sí wàhálà. Ó gbá mi lẹ́jìká, ó ní ìyàwó òun ń retí mi lọ́jọ́ Sunday, ó gun moto rẹ̀, ó lọ. Mo lọ lọ́jọ́ Sunday náà. Ìyàwó rẹ̀ ti ẹran sọ́dọ̀ mi bó ṣe máa ń ṣe, mo sì jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n mi ò lọ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mo máa ń wá àwáwí, nígbà tó yá wọn ò pè mí mọ́.

Mi ò pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ìwé iṣẹ́ mi parí, mi ò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún un ṣe. Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi báyìí, mo ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe, ọwọ́ mi kì í dilẹ̀. Tí mo bá pàdé Ẹ̀gbọ́n níta, à ń kí ara wa, à ń béèrè àlàáfíà ilé, ó sì máa ń fi mí hàn ẹni tó bá wà pẹ̀lú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín.

Mi ò bínú sí Madame. Kò mọ̀ mí, ẹ̀rù ń bà á, ohun tó rí lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ yẹn lè ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Mi ò tilẹ̀ bínú sí ẹni tó ń bójú tó ọkọ̀. Ohun tó gbọ́ nípa wa ló sọ. Ohun tí Ẹ̀gbọ́n sọ fún mi nípa àwọn ọmọ rẹ̀ náà yé mi, bóyá ó yé mi ju bó ṣe rò lọ, nítorí èmi náà ti bímọ sí ìlú yìí báyìí. Ṣùgbọ́n kó yé mi kò mú un fúyẹ́. Ká ní ó ṣì mí mọ̀ ni, ká ní ó rò lóòótọ́ pé mo lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ǹ bá ti ṣàlàyé fún un, à bá sì ti parí rẹ̀. Ó mọ̀ mí. Ó mọ̀ mí dáadáa, ó sì fi ìmọ̀ yẹn pa mọ́ sínú nígbà tí mo nílò rẹ̀. Mi ò sì tíì rí ohun tí ẹni tó mọ ẹni lè sọ lẹ́yìn ìyẹn tó máa tún un ṣe.