Oṣù Mẹ́jọ Àdúrà fún Ọkọ Fèyíjìmí

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: Tẹjúmádé ṣẹ̀ mí, mi ò sì tíì bínú tán. Ọ̀rẹ́ mi ni láti ọdún 2001, nígbà tí àwa méjèèjì wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì tí ìjọba Ireland kó àwọn tó ń tọrọ ibi ìsádi sí, tí à ń fi ìkòkò kan ṣoṣo sebẹ̀ lábẹ́lẹ̀, torí wọ́n ní a ò gbọdọ̀ dáná níbẹ̀. Lónìí, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Lucan, ó nílé ní Adamstown, òun ló sì máa ń darí àdúrà àwọn obìnrin ìjọ wa ní Ọjọ́rú. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, oorun á dá lójú ẹni tó ń tòògbé.

Lọ́dún tó kọjá, ó ní ká bá òun dúpẹ́, Fèyíjìmí ọmọ òun ti rí ẹni tí yóò fẹ́. Inú mi dùn, ṣebí èmi ni mo ń dirun fún Fèyí láti kékeré. A béèrè orúkọ ẹni náà. Ó ní Kíífà ni, pé ọmọ ilẹ̀ Ireland níbí ni. Iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé. Ṣé ó níwà? Ó níwà, ó tún mọ oúnjẹ sè. A ní háà, ọkùnrin tó mọ oúnjẹ sè! Tẹjúmádé ní ká dìde ká gbàdúrà. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi gbàdúrà pé kí àwọn obìnrin ìta má gba Kíífà mọ́ Fèyí lọ́wọ́.

Ọmọ tí wọ́n bí síbí ló tú àṣírí náà. Ìníolúwa, tó ń kọ ìwé ìkéde ìjọ, gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń fèsì. Ní Ọjọ́rú kan ó mú bírò, ó ní, "Aunty, is he a Christian?"

"Ó" tiwa kì í sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ti Gẹ̀ẹ́sì ò gbà bẹ́ẹ̀, dandan ni kéèyàn mú ọ̀kan. Tẹjúmádé mú ọ̀kan.

"She's a Catholic."

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo gbọ́ ohun méjì tí kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo lọ ká a mọ́lé. Mo ní irọ́ ló pa fún wa. Ó ní òun ò parọ́, àwa la sọ ọ́ di ọkùnrin. Mo bi í bóyá Bíbélì ti yí padà ni. Ó ní rárá, ohun tí òun gbà gbọ́ lánàá náà lòun gbà gbọ́ lónìí, òun sì ti sọ ọ́ fún Fèyí tẹkúntẹkún. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti dìbò lọ́dún 2015, òfin ilẹ̀ yìí ti gba obìnrin méjì ní tọkọtaya, ẹlẹ́rìí méjì sì gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé ìgbéyàwó wọn. Fèyí ní kí ìyá òun jẹ́ ọ̀kan. Pásítọ̀ ìjọ wa sì ti pè é, ó ní tó bá buwọ́ lù ú, kò ní darí àdúrà mọ́.

Mo ní kó ro iṣẹ́ Ọlọ́run tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní òun ti rò ó, ìyẹn gan-an ló ń pa òun lẹ́kún.

"Ìyá Akin, ó ti sú mi kí n máa bo ọmọ mi mọ́lẹ̀ bí ẹni pé ó jalè."

Ó po tíì fún mi. Mi ò mu ún.

Ó buwọ́ lù ú. Ọjọ́ Ẹtì ni ìgbéyàwó náà, mo wà níbi iṣẹ́. Mo lè tọrọ àyè, mi ò tọrọ. Ó ń dùn mí dòní.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, ẹlòmíì ló darí àdúrà. Mo rò pé Tẹjúmádé ò ní wá. Ó wá, ó jókòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n béèrè ẹni tó ní ohun tó fẹ́ ká bá òun gbàdúrà lé lórí, òun ló kọ́kọ́ dìde.

"Ẹ bá mi gbàdúrà fún àwọn ọmọ mi méjèèjì."

Ọmọ kan ṣoṣo ni Tẹjúmádé bí, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú wa. Àmín kan ṣoṣo ni mo gbọ́, ẹnu tèmi ló sì ti jáde.