Ọlidé Òkè Odò

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ kí i kú ọlidé. Á kọ́kọ́ wò yín láti òkè délẹ̀, á wá bi yín pé, "Ọlidé ti ibo?" Kò bá yín ṣàwàdà o. Ó fẹ́ mọ̀ ni, torí pé lọ́dọ̀ tiwa, ọlidé ní ibi tó ń gbé.

Odò kan ló là wá sí méjì. Ìhín odò ní ìjọba tirẹ̀, òkè odò ní tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orílẹ̀-èdè kan náà ni wá, tí owó tí à ń ná kò sì yàtọ̀. Ìjọba ìhín odò ń fún òṣìṣẹ́ ní ọlidé mẹ́jọ lọ́dún, ti òkè odò ń fún wọn ní mọ́kànlá. Bí ọlidé bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, wọ́n á sún un sí ọjọ́ Ajé lókè odò; níhìn-ín, ó ti wọmi nìyẹn. Lókè odò, wọ́n ń san owó ọlidé láìbi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Níhìn-ín, bí o kò bá wá síṣẹ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú ọlidé tàbí lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n á yọ owó ọlidé náà dànù, àfi bí ẹni pé ìwọ lo ránṣẹ́ pè é. Tíṣà ni mí. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn sì bi mí bóyá àwọn ẹja inú odò ń gba ọlidé méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n mi ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé tó ti ń ṣe é, ní ilé ìfọṣọ ńlá kan níhìn-ín odò. Yàrá náà gùn, ilẹ̀ rẹ̀ kì í gbẹ, ooru inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè se ẹyin. Wọ́n á da aṣọ jọ bí òkìtì sẹ́nu ọ̀nà, á máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì lè gbàgbé sínú rẹ̀, lẹ́yìn náà á kó o sínú ẹ̀rọ. Awọ ìka rẹ̀ ti bó, ó ti tún hù, ó ti tún bó. Ọṣẹ tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lára débi pé, bó bá gbá ọ mọ́ra, ó máa dà bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ìwọ náà, tí wọ́n ń wá okùn tí wọ́n máa sá ọ lé.

Ọkọ rẹ̀, tí mò ń pè ní Bọ̀dá, ń ṣe búrẹ́dì lókè odò. Ìrọ̀lẹ́ ló ń wọ ọkọ̀ ilé iṣẹ́ wọn kọjá afárá, àárọ̀ ló ń padà sílé. Ọjọ́ Àìkú ni ìsinmi ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ti Bọ̀dá. Bí ilé búrẹ́dì bá tilẹ̀kùn fún ọlidé òkè odò, ọjọ́ iṣẹ́ gidi ni níhìn-ín. Bí ọlidé bá sì kan ìhà méjèèjì pọ̀, aláìsàn kì í torí ìyẹn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ilé ìfọṣọ á pe ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n á fún un ní ọjọ́ mìíràn dípò rẹ̀ nígbà tó bá wu ọ̀gá. Ìsinmi ọdọọdún wọn gan-an kò bára mu, ìgbà òjò ni tirẹ̀, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ti ọkọ. Síbẹ̀ wọ́n bímọ méjì. Àwa ẹbí máa ń bi ara wa léèrè pé ìgbà wo gan-an ni wọ́n ráyè.

Òun fúnra rẹ̀ máa ń bá wa rẹ́rìn-ín sí i. Àmọ́ látìgbà tí àbíkẹ́yìn wọn ti kó jáde nílé, ẹ̀rín yẹn dín kù. Orí bébà pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri kíṣíìnì ni tọkọtaya náà ti ń bára wọn sọ̀rọ̀: gáàsì ti tán, mo ti san owó iná, ẹsẹ̀ rẹ ń kọ́? Mo ka èyí tó kẹ́yìn yẹn lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí wọn, ó sì dùn mí.

Lọ́dún tó kọjá, ilé ìfọṣọ kọ́ ilé tuntun sí òkè odò, pé ibẹ̀ ni wọn yóò ti máa lọ aṣọ. Fífọ̀ á wà níhìn-ín, lílọ̀ á wà lọ́hùn-ún. Wọ́n béèrè ẹni tó fẹ́ lọ. Kí ọ̀gá tó panu dé, ẹ̀gbọ́n mi ti nawọ́ sókè. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló yà sílé mi, tó fìdí lé àga bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀.

"Tíṣà, mo ti di ará òkè odò."

"Àǹtí mi, ẹ fẹ́ kó lọ ni?"

"Kí n kó lọ síbo? Iṣẹ́ ni mo ní. Ọlidé mọ́kànlá! Ọjọ́ tí bàbá wọn bá jókòó sílé, èmi náà á jókòó sílé."

"Kí lẹ wá fẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà?"

Ó ronú sí i. "Kò sí nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ ká jọ jí, kí ẹnì kankan nínú wa má máa wá bàtà. Ká jọ jẹun nígbà tó ṣì gbóná. Bóyá ká rìn lọ sétí odò. Ọjọ́ kan péré, Tíṣà, mi ò béèrè jùyẹn lọ. Ó ti rẹ̀ mí."

Mo mọ̀ pé ó ń rẹ̀ ẹ́, ta ni kò mọ̀? Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ọlidé òkè odò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìyẹn bọ́ sí Ọjọ́rú, ọjọ́ tí wọ́n fi ń rántí ìdásílẹ̀ agbègbè wọn. Ọlidé ti ìhín odò náà ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi din ẹyin, ó po tíì. Bọ̀dá jókòó sí apá kejì tábìlì, kò mọ ibi tó yẹ kó gbé ọwọ́ sí. Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ ni fóònù dún. Ọ̀gá ilé ìfọṣọ ni.

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò sí níbi iṣẹ́?"

"Ọlidé ni, sà."

"Ọlidé ti ibo?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ràn án nìyẹn.

Àwọn mẹ́fà ló lọ sí ilé tuntun yẹn, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sì ṣe àṣìṣe kan náà. Bó ti wà látẹ̀yìnwá ni wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹnu géètì ìhín odò ni wọ́n ti ń fọwọ́ sínú ìwé láago méje àárọ̀, wọ́n á wá gun ẹ̀yìn lọ́rì pẹ̀lú aṣọ tútù, lọ́rì á gbé aṣọ àti èèyàn kọjá afárá. Wọn ò mọ̀ pé géètì yẹn ló ń sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn ló ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Ohun tí òfin sọ ni pé ibi tí òṣìṣẹ́ bá ti fọwọ́ síwèé láàárọ̀ ni ibi iṣẹ́ rẹ̀, ibi yòówù kí ọwọ́ rẹ̀ ti máa ṣiṣẹ́. Nínú ìwé, ẹ̀gbọ́n mi kò tíì kúrò níhìn-ín odò rárá.

Ó fi ẹyin sílẹ̀, ó sáré lọ. Ilé ìlọṣọ wà ní títì, kò sí aṣọ kankan fún un láti lọ̀, wọ́n bá ní kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu géètì ìhín odò títí di aago mẹ́rin. Ó jókòó. Bọ̀dá jókòó sílé. Àtijókòó yẹn náà kò sì gbà á, nítorí pé ó pẹ́ dé, wọ́n kọ ọ́ sí aláìwá. Ẹni tí kò bá sì wá lọ́jọ́ tó ṣáájú ọlidé, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n yọ owó Ọjọ́rú, wọ́n tún yọ owó ọlidé Ọjọ́bọ̀ mọ́ ọn. Inú bí mi débi pé mo ti wọ bàtà láti lọ bá wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n bọ́ ọ, pé ẹnu tíṣà kò lè já ohun tí ìwé bá so.

Akọ̀wé ilé iṣẹ́ ló lọ bá. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni, òun náà ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì.

"Ẹ má bínú sí mi, èmi kọ́ ni mo ṣòfin," akọ̀wé sọ. "Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ọlidé òkè odò, ẹ lọ máa fọwọ́ síwèé lókè odò, ó pẹ́ tán láago méje. Oṣù mẹ́ta gbáko. Ẹ ò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ kíkà látìbẹ̀rẹ̀ ni."

"Lọ́rì ń kọ́?"

"Lọ́rì kì í débẹ̀ kó tó di aago mẹ́jọ."

Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ náà kì í gba orí afárá kọjá ṣáájú aago méje. Àwọn márùn-ún yòókù gbọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n káwọ́ lérí, wọ́n padà sẹ́yìn lọ́rì. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí fẹsẹ̀ rìn.

Láti ilé wọn dé géètì òkè odò ju wákàtí kan lọ fún ẹni tí orúnkún rẹ̀ dá ṣáṣá, tirẹ̀ kò sì dá ṣáṣá. Afárá yẹn gùn, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kì í sinmi, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ibẹ̀ kò ju ìbú ilẹ̀kùn kan lọ, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù á sì máa gbọn omi sí i láṣọ. Ní nǹkan bí agbedeméjì rẹ̀ ni ọkọ̀ ilé búrẹ́dì máa ń pàdé rẹ̀. Bọ̀dá á na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, òun náà á na tirẹ̀, kálukú á máa bá tirẹ̀ lọ.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀," mo bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan. "Ẹ wo bí orúnkún yín ṣe wú."

"Ó kéré tán, mò ń rí ọkọ mi lójúmọ́ báyìí. Àwọn ìyàwó mìíràn ń wá ọkọ wọn kiri, èmi mọ orí afárá tí mo máa ti bá tèmi."

"Iṣẹ́ kì í pani lòótọ́, ṣùgbọ́n..."

"Irọ́ ni. Ẹni tó pa òwe yẹn kò fọṣọ rí."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ibà mú un. Mo ní kó sùn, ó ní ẹni tó ti ka ọ̀sẹ̀ méje kì í sùn. Èmi ni mo di apá rẹ̀ mú lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí n tó padà wá kọ́ àwọn ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló di irin ẹ̀gbẹ́ afárá mú tó ń mí hẹlẹ, tí mo ń wo aago, tí ojú ń tì mí pé aago ni mò ń wò. Mo kórìíra afárá yẹn lọ́jọ́ náà, mo kórìíra àwọn tó jókòó sínú ọ́fíìsì méjì, tí wọn ò lè jókòó pọ̀ kí wọ́n kọ ọjọ́ kan náà sílẹ̀. Ó fọwọ́ síwèé nígbà tí aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìkọ̀wé rẹ̀ wọ́ bí ti ọmọ jẹ́léósinmi.

Oṣù mẹ́ta pé. Akọ̀wé gbé orúkọ rẹ̀ kọjá odò, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọlidé òkè odò tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ilé búrẹ́dì ti tilẹ̀kùn láti alẹ́ àná, ilé ìlọṣọ náà tilẹ̀kùn, kò sì sí fóònù tó lè pe ẹnikẹ́ni. Níhìn-ín, ọjọ́ iṣẹ́ ni, torí náà mo kọ́ àwọn ọmọ mi títí di aago méjì, mo ra ọsàn lọ́nà, mo gba ilé wọn lọ. Mo rò pé wọn ò ní sí nílé, pé wọ́n á ti wà létí odò. Mo kàn fẹ́ gbé ọsàn náà sẹ́nu ọ̀nà.

Ilẹ̀kùn kò tì. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní yàrá, ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi ìka sétè fún mi. Bọ̀dá ń sùn. Ó ti ki apá kan bọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ìyàwó rẹ̀ lọ̀ fún un, apá kejì ń fì lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

"Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ ni," ó sọ fún mi lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "À ń múra àtijáde. Ó ní òun á fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀."

"Aago mẹ́wàá! Ẹ jí i, àǹtí mi, ọjọ́ ń lọ."

"Mi ò ní jí i."

"Oṣù mẹ́ta lẹ fi rìn nítorí òní."

"Mo mọ̀, Tíṣà. Sún mọ́bí, wá wo orí rẹ̀. Wò ó dáadáa. Gbogbo rẹ̀ ló ti funfun." "Mo máa ń rí i bó bá ń wọlé láàárọ̀, tí èmi ń jáde. Mo rò pé ìyẹ̀fun ni."

Ọwọ́ Bọ̀dá ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lójú oorun, ẹ̀gbọ́n mi fi tirẹ̀ lé e títí ó fi rọlẹ̀. Omi dà lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Ìgbà wo ló darúgbó?" ó bi mí. "Níbo ni mo wà?"

Mo jókòó tì í díẹ̀. Nígbà tó yá, mo béèrè bóyá kí n bó ọsàn fún un, tàbí kí n gbé oúnjẹ wọn kaná, ó mi orí.

"Máa lọ jẹ́jẹ́, Tíṣà," ó sọ, kò sì yíjú sí mi. "Ọlidé mi ni mò ń lò yìí."