Bàtà Tí Wọ́n Bọ́ Nítorí Àbúrò Mi

Ẹ má dá mi lóhùn o, ẹnu mi mú, gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ló mọ̀. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ti yunifásítì rẹ̀ ní Third Ward, ní Houston níbí, wálé pẹ̀lú ìborùn Palẹ́stínì lọ́rùn, mo sọ ọ́ sí i lójú: "Ṣé wàhálà tiwa ò tó wa ni? Ọ́ńkù rẹ ò rí oorun sùn nítorí ìmígíréṣọ̀n, ìwọ wá ń lọ gbé ìjà ẹlòmíì ru." Yorùbá rẹ̀ kò jìn. Oúnjẹ, ìkíni àti ìbínú mi ló gbọ́ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dá mi lóhùn: "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ìjà kan náà ni." Mo pòṣé, mo bá iṣẹ́ mi lọ.

Ọ́ńkù tí mò ń sọ yìí, àbúrò mi ọkùnrin ni, àbíkẹ́yìn Mummy wa. Ọ̀dọ̀ mi ní Rosenberg ló ń gbé, ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà ló ti ń ṣiṣẹ́. Èmi nìkan ni ọmọ ìyá tó kù fún un, òun nìkan ló kù fún mi. Ọ̀rọ̀ ìwé rẹ̀ ti wà nílé ẹjọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ìgbàkigbà tí wọ́n bá sì pè é kó wá fojú hàn ní ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n, ó gbọ́dọ̀ lọ. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á wò ó, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n láyé ìsinsìnyí, àwọn kan ń wọlé síbẹ̀ láàárọ̀, wọn ò sì jáde mọ́. Ẹ̀rù ti sọ àbúrò mi di ẹlòmíì. Tó bá rí ọkọ̀ ọlọ́pàá lórí fíríwéè, ohùn rẹ̀ á lọ, òógùn á bò ó nínú ọkọ̀ tó tutù. Bí wọ́n ṣe tún pè é, èmi náà ò lè jẹun mọ́.

Wòlíì wa ní ká má jẹ́ kó dá lọ. Bí a ṣe wọ sùtánà funfun wa nìyẹn, a gba ọ̀nà Humble, níbi tí ọ́fíìsì náà wà. Ẹ sì mọ àwa Aládùúrà: tí sùtánà bá ti wọ ọrùn, bàtà ti kúrò lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Kò sí Houston, kò sí Èkó níbẹ̀. A fi bàtà wa sílé, a sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Háà! Ẹ gbà mí! Oòrùn ti yan kọnkéré yẹn jinná!

Mo ṣì ń gbẹ́sẹ̀ sókè sódò nígbà tí mo rí àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń bọ̀, ìborùn Palẹ́stínì lọ́rùn gbogbo wọn, ọmọ mi ló ṣáájú. Kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Ìyá àgbà kan wà láàárín wọn, ará Palẹ́stínì, ó wọ ẹ̀wù dúdú gbọọrọ tí wọ́n fi òwú pupa ṣe ọnà sí láyà. Ọmọ mi kúnlẹ̀ kí wa lórí kọnkéré gbígbóná yẹn, lójú gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Orí mi wú.

Ìyá yìí wo ẹsẹ̀ wa. Ó wo àbúrò mi tó ń gbọ̀n. Kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ni àwọn ọ̀dọ́ náà bá bọ́ tiwọn. Wọ́n rò pé bí a ṣe fẹ́ ṣe ìwọ́de wa nìyẹn, pé ẹni tó bá wá dúró ti àbúrò mi gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà ni. Ẹ ò bá rí wọn bí wọ́n ṣe ń jó níbẹ̀, tí wọ́n ń ké "Ááà! Ááà!" Àbúrò mi tí kò rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí wọ́n ti pè é bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé òfin ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, kò kàn wọ́n. Wòlíì di ọwọ́ mi mú. "Màmá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀."

Àbúrò mi wọlé. A gbé orin, àwọn náà gbé tiwọn, méjèèjì ò bára mu rárá, inú mi sì ń dùn sí i. Ibẹ̀ ni ọmọ mi ti sọ fún mi pé ọmọkùnrin ìyá yìí náà ń jẹ́jọ́: wọ́n fẹ́ gba ìwé ìgbélùú rẹ̀ torí pé ó sọ̀rọ̀ nípa Palẹ́stínì ní yunifásítì. Ọ́fíìsì yìí kan náà ni wọ́n ń pè é sí. Mo sún lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà.

Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn ṣí, àbúrò mi jáde. Wọ́n ti de ẹ̀rọ kan mọ́ ọn lọ́rùn ẹsẹ̀, tí wọ́n á fi máa mọ ibi tó bá wà, ṣùgbọ́n ó jáde! Mo pariwo, mo dì mọ́ ọn. Kò dúró lọ́wọ́ mi pẹ́. Ó lọ bá ìyá yẹn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀. Ìyá rò pé ó dákú ni, ló bá ń pariwo pé kí wọ́n gbé omi wá. Ọmọ mi ń ṣàlàyé fún un, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Kò pẹ́ tó fi kan ọmọ ìyá náà láti lọ fojú hàn. Mo ní kí àbúrò mi jókòó sílé. "O fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ gbé ẹ̀rọ yìí lọ síwájú ilẹ̀kùn wọn? Ṣé orí rẹ pé?" Ó ní, "Sister mi, ẹ má bínú, mò ń lọ." Ó ti wọ sùtánà kí n tó wẹ̀.

Nígbà tí a débẹ̀, ìyá ti ṣáájú wa, ọmọkùnrin rẹ̀ sì ti wọlé. Ó ti tẹ́ àwọn ẹní ìkírun ilé rẹ̀ sórí kọnkéré nítorí ẹsẹ̀ wa. Mo fà sẹ́yìn. Ẹní tó fi ń forí balẹ̀ fún Ọlọ́run, ṣé èmi ni màá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́? Ó fà mí lọ́wọ́, ó mú mi gun orí rẹ̀.

Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n jáde wá. Ó wo ẹ̀rọ tó wà lẹ́sẹ̀ àbúrò mi, ó bi í bóyá wọ́n pè é lónìí. Àbúrò mi ò kúrò lórí ẹní, ohùn rẹ̀ ò sì lọ. Ó ní rárá, wọn ò pe òun. Ó ní àbúrò òun ló wà nínú ilé, òun ń dúró dè é ni.