Ikọ́ Bàbá Aláago

Gbogbo ẹni tó bá Bàbá Aláago kọ́ èdè Japan ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ló rántí ọjọ́ tó húkọ́. Èdè náà ní àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké kan tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ńlá, kí a lè mọ ẹni tó jẹun àti ohun tó jẹ. Àwọn yìí ló máa ń fojú akẹ́kọ̀ọ́ rí màbo. Tíṣà ní kí Bàbá sọ pé òun jẹ ẹja. Bàbá dìde. Ó ní “Èmi”, ó húkọ́, ó ní “ẹja”, ó tún húkọ́, ó wá fi gbogbo agbára pariwo “jẹ!” Tíṣà sáré bu omi wá.

“Omi kọ́, Tíṣà mi,” ni Bàbá wí. “Ibi tí mo ti húkọ́ yẹn, ẹ bá mi fi èyí tó bá yẹ síbẹ̀.”

Kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gba nǹkan láìná an. Lọ́jọ́ tí Tíṣà kọ ọ̀rọ̀ kéékèèké mẹ́jọ sójú pátákó, Bàbá ní mẹ́jọ ti pọ̀ jù, àwọn á gba mẹ́ta.

“Ẹ gbà mí o, Bàbá! Ṣé ọjà ni mo pàtẹ ni?”

“Ó dáa, mẹ́rin. Ẹ wo ojú àgbà.”

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló sọ ọ́ di akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní Japan, ọmọkùnrin tó bí sọ́hùn-ún kò sì gbọ́ ju èdè ibẹ̀ lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, Bàbá á gbé fóònù sáàárín àwọn aago tó tú palẹ̀ fún àtúnṣe, á máa da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ játijàti. Ọmọ náà á máa tún un ṣe, á máa rẹ́rìn-ín. Ìyàwó Bàbá, tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á mi orí.

“Bàbá ọmọ mi, agbárí yín yìí mà le o! Láti èṣí lọmọ kékeré ti ń kọ́ yín ní nǹkan kan náà.”

“Jẹ́ kó máa kọ́ mi.”

Lẹ́yìn tí Bàbá papòdà, Tíṣà wá kí ìyàwó rẹ̀.

“Màmá, nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó mọ àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké yẹn tó Bàbá ní kíláàsì. Kò ṣì wọ́n mọ́ rárá.”

Ìyá fẹ́ jiyàn, àfi bó ṣe yé e lójijì. Bí Bàbá bá sọ ọ́ dáadáa, “ó dàbọ̀” ló kù. Àṣìṣe tó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe yẹn ló fi ń dá ọmọ náà dúró lórí fóònù. Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àárò ọkùnrin náà sọ ọ́ gan-an.

Lọ́jọ́ Àìkú, fóònù dún. Ìyá gbé e. Ọmọ náà sọ̀rọ̀ díẹ̀ lédè tirẹ̀. “Ọkọ mi,” ni Ìyá wí. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n jọ gbọ́. Ìyá ń gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń mí, ó fi fóònù mọ́ etí. Nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó gbé e sílẹ̀.